Ìdájọ́ Tó Dúró Létí Gọ́tà

Kóòtù ìbílẹ̀ tiwa ní Múṣin ti dá mi láre. Gbangba ni adájọ́ sọ ọ́ pé ọmọbìnrin mi, ọ̀dọ̀ mi ni kó máa gbé títí yóò fi bàlágà, kí bàbá rẹ̀ máa wá wò ó. Wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé, mo dúpẹ́, mo jó délé. Mo rò pé ẹjọ́ ti parí. Ta ló sọ fún mi pé ó máa ń rẹ ìdájọ́ lójú ọ̀nà?

Ọkọ mi tẹ́lẹ̀, akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìjọrà, wá mú ọmọ náà pé kó wá bá òun ṣe Iléyá. Ọmọ tí kò tíì pẹ́ tó já lẹ́nu ọmú. Iléyá parí, ọmọ kò dé. Àṣé ọkùnrin náà ti kó lọ sí Yábàá, sí ẹ̀yìn ọjà Tẹ́júoṣó, ó sì ti fẹ́ ìyàwó mìíràn síbẹ̀. Kì í ṣe pé ilé wọ́n ní Múṣin. Ó mọ ohun tó ń ṣe ni. Láyé ìgbà náà, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni Múṣin wà, Yábàá sì wà lábẹ́ ìjọba Èkó. Èèyàn lè dúró ní ìhà tiwa kó tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ará ìhà kejì, ṣùgbọ́n kóòtù wa kò lè bá mi béèrè ọmọ níbẹ̀.

Akódà kóòtù wa, ọkùnrin onífìlà pupa tí gbogbo ọjà ń bẹ̀rù, ló kọ́kọ́ sìn mí lọ. Ó ń yan níwájú, mò ń sáré tẹ̀ lé e, ọkàn mi balẹ̀. Bí a ti dé etí gọ́tà tó pààlà, ó dúró, ó ṣí fìlà, ó ń fi fẹ́ ara rẹ̀. Ó ní ibi tí agbára òun mọ nìyẹn. Bí òun bá fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni lódìkejì, òun gan-an ni ọlọ́pàá máa mú. Ó ṣàdúrà fún mi níbẹ̀, ó sì padà. Inú bí mi débi pé mi ò ṣe àmín.

Akọ̀wé kóòtù ìhà kejì ka ìwé mi, ó ní ìwé tó dára ni. Ó wá ní kí n lọ wá lọ́yà tí yóò bá mi gbé e wọ kóòtù Èkó bí òfin ṣe fẹ́. Lọ́yà kan sọ iye owó tó ń gbà fún mi, èmi tí mò ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Mo kí i pé ó ṣeun, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Mo lọ, mo bọ̀, Iléyá mìíràn kọjá.

Ìgbà tó yá, mo rántí ohun tí àwọn àgbà ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń ṣe fún alágídí kí òyìnbó tó gbé kóòtù dé. Wọn á dógò tì í ni. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ á lọ jókòó sílé ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí onílé á fi ṣe ohun tó yẹ. Mo ká ẹní mi, mo di ìró díẹ̀, ó di Yábàá.

Ìyàwó tuntun ló ṣílẹ̀kùn. Láti Múṣin ni mo ti ń to èébú sẹ́nu. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ìyálé mi," ó gba ẹní lórí mi, ó bu omi tútù fún mi. Kí lèèyàn fẹ́ fi èébú ṣe lẹ́yìn ìyẹn? Mo fi omi gbé e mì. Ọmọ mi ń yọjú wò mí láti ẹ̀yìn ìró ìyàwó náà. Ó ti ga, wọ́n dirun fún un, ara rẹ̀ ń dán. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ó dùn mí ni.

Nígbà tí ọkùnrin náà dé, mo ní mi ò lọ láìmú ọmọ mi. Ó ní kí n lọ pe ọlọ́pàá. Mo ní ti ìhà wo? Kó tó dáhùn, àwọn ará ilé ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Àgùdà pé ìyàwó àgbà ti padà sílé. Bàbá náà dé tòun ti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó ṣàdúrà fún wa, ó sì kìlọ̀ fún àbúrò rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ lé ìyálé. Mo wá dógò, wọ́n fi mí joyè.

Oyè náà, mo jẹ ẹ́ dáadáa. Mo tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. Ìyàwó se ọbẹ̀, mo ní iyọ̀ pọ̀. Ó tún un sè, mo ní kò níyọ̀. Kò lè jẹun kí n tó jẹ, kò lè bá ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín láìkọ́kọ́ wojú mi. Nínú kóòtù méjèèjì, kò sẹ́ni tó bẹ̀rù mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí ọkọ ti lọ sí Ìjọrà, ìyàwó mú ọmọ náà jáde. Ó ti wẹ̀ fún un, ó ti di ẹrù rẹ̀. Ojú òun fúnra rẹ̀ ti wú.

"Ìyálé mi, ọmọ yín rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mú un lọ. Ẹ jẹ́ kí n ráyè nílé ọkọ mi."

Mi ò jẹ́ kó tún un sọ. Mo mọ̀ pé bàbá ọmọ kò ní tẹ̀ lé wa dé Múṣin, nítorí onífìlà pupa wà níbẹ̀ tó ń retí rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mò ń kọrin lójú títì. Ọmọ náà kò gbè é. Bí a ti rékọjá gọ́tà, ó fa ìró mi.

"Àǹtí, ìgbà wo la máa padà sọ́dọ̀ màmá mi?"

Mo ní kó di ọwọ́ mi mú dáadáa, nítorí ọkọ̀.