Dróònù Tí A Fọwọ́ Ara Wa Tò

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń jó wáyà pọ̀, tó ń yọ́ lórí iná, inú mi a máa dùn, ọkàn mi a sì máa bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Òórùn yẹn ni mo fi mọ bàbá mi láti kékeré. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe wà létí ọ̀nà Ọlúpọ̀nnà, ní Ìwó níbí, abẹ́ wọn níbẹ̀ ni mo sì ti kọ́ṣẹ́ kí n tó di ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Ẹni tó bá débẹ̀ báyìí, ọṣẹ àti bisikíìtì ni yóò bá. Bí mo bá ń kọjá, mo ṣì máa ń wo ẹnu ọ̀nà yẹn bíi kí wọ́n pè mí wọlé.

Òfin méjì ni Bàbá ní. Èkíní, bí wọ́n bá ra ẹ̀rọ tuntun, wọn kì í tàn án kí wọ́n tó tú u wò. Wọ́n á ní, "Ohun tí o ò bá tíì tú wò, ọlọ́jà ló ṣì ni ín." Èkejì, rédíò kankan kò gbọdọ̀ dórí tábìlì tòun ti àńtẹ́nà rẹ̀. Oníbàárà kan ti bá wọn jà rí nítorí ọ̀pá rédíò tó ṣẹ́, láti ìgbà náà, bí rédíò bá ti wọlé, a ó yọ àńtẹ́nà rẹ̀, a ó fi rọ́bà dì í, a ó fi kọ́ ìṣó lára ògiri. Mo ti ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ mi ń dá a ṣe láìbéèrè lọ́wọ́ mi.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Wọ́n ti já bọ́ lórí àkàbà, egungun itan wọn ti ṣẹ́, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn nínú ilé. Wọ́n ní oko obì kan lẹ́yìn Kuta, èyí tí àwọn àti ìyá mi jọ gbìn lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra. Ìyá mi ti kú. Ọkọ̀ kì í dé oko náà, etí odò ló ń dúró sí, orí ìtì igi lèèyàn yóò sì gbà sọdá. Ọdún kẹrin nìyẹn tí Bàbá kò ti débẹ̀. Ojú wọn náà tún ti ń lọ. Àìsàn ojú tí kì í dunni ni, tó máa ń jẹ ìríran wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Dókítà ní oògùn kò lè ju kó fà á sẹ́yìn díẹ̀ lọ. Bàbá kì í ráhùn. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé, "Mo fẹ́ rí oko yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú yìí tó pa dé."

Mo ti rí dróònù kan lórí fóònù nígbà náà, irú èyí tó ní awò ńlá tí wọ́n ń dè mọ́jú. Ohun tí kámẹ́rà orí dróònù bá ń rí lókè ni ẹni tó de awò náà yóò máa rí, bí ẹni pé òun gan-an ló ń fò. Mo ròyìn rẹ̀ fún Bàbá. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ó lè sọdá odò?"

"Ó lè sọdá, Bàbá."

"Ṣé ó lè wọ abẹ́ igi?"

"Tí ẹni tó ń darí ẹ̀ bá mọṣẹ́, ó lè wọ̀ ọ́."

Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ wọ́n lára.

Àbúrò mi obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì n'Ìbàdàn, ní òun yóò ra èyí tí wọ́n ti tò tán. Inú páálí kan ni gbogbo rẹ̀ máa ń wà, dróònù, awò, àti ohun tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Kí a ṣáà ti fi iná sí i, kí a fò ó. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, yóò ti dé Ìwó. Mo ní rárá. Mo ní èyí tí wọ́n bá tò tán, tó bá fi lè já lulẹ̀ lọ́jọ́ kan, a ò ní í mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí tú u, ṣùgbọ́n èyí tí a bá tò fúnra wa, kò sí wáyà tí a ò ní mọ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, ìgbéraga wà nínú rẹ̀. Ọmọ atún-rédíò-ṣe ni mí, mo fẹ́ kí Bàbá rí i pé mo gbọ́ iṣẹ́. Bàbá náà kúkú ti gbọ́ pé a lè tò ó, ara wọn ti yá gágá.

"Bọ̀dá mi," àbúrò mi wí, "ojú Bàbá ò ní dúró dè yín o."

Mo ní kó lọ gún àwọn aláìsàn rẹ̀ lábẹ́rẹ́, kó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún àwa tí a ni ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la ò fi bára wa sọ̀rọ̀.

Èkó ni àwọn páátì ń gbà wọlé, wọ́n ń dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ní kí n padà sí oṣù mélòó kan nínú ayé mi, àwọn oṣù wọ̀nyẹn ni mo máa mú. Lẹ́yìn ìrun alásàrí, Bàbá á jókòó ti tábìlì mi, màá ka ohun tí wọ́n kọ sára páátì sí wọn létí, wọ́n á máa fọwọ́ tọ́ ọ wò. Àwọn fúnra wọn ló jó ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀dì ibẹ̀, ó sì ń dán bí ìṣó tuntun. Wọ́n tún tẹlifíṣọ̀n kékeré kan ṣe, èyí tí mo yọ lára ọkọ̀ àlòkù, kí n lè máa wò ó láti darí dróònù nígbà tí awò bá wà lójú wọn. Wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. "Ìwọ tó jẹ́ pé gíláàsì fóònù lo mọ̀ ọ́n pààrọ̀, ìwọ náà wá di ẹlẹ́rọ?" Odídẹrẹ́ ni wọ́n sọ dróònù náà. Ìwó ni wọ́n bí wọn sí, ẹyẹ mìíràn ò sí létè wọn.

Lọ́jọ́ tí a parí apá àwòrán, mo gbé e sórí tábìlì, ọwọ́ mi sì ṣe ohun tó ti ń ṣe láti kékeré. Ó yọ àńtẹ́nà ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán ránṣẹ́, ó fi rọ́bà dì í, ó fi kọ́ ìṣó. Mo so bátìrì. Àwòrán yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, Bàbá sún mọ́ ọn títí wọ́n fi rí fìlà ara wọn nínú rẹ̀. A ń yọ̀ títí. Ìgbà tó ṣe, òórùn kan jáde, kì í ṣe ti lẹ́ẹ̀dì.

Gbígbọ́ ni ti rédíò. Bí o bá yọ àńtẹ́nà rẹ̀, kò ní gbọ́ràn dáadáa mọ́, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń fi nǹkan ránṣẹ́, bí kò bá ní àńtẹ́nà, agbára rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde, inú ara rẹ̀ ló máa jó. Ó wà nínú ìwé tó bá a wá. Àwa ọ̀gá rédíò méjì kò ka ìwé.

"Rédíò la mọ̀," ni Bàbá wí.

Mo ní kí àwọn ọlọ́jà Èkó fi òmíràn ránṣẹ́. Èyí tó kọ́kọ́ dé kò bá tiwa mu, èkejì sì pẹ́ lọ́nà títí òjò fi fẹ́ lọ. Àbúrò mi tún pè, ó ní òun ṣì lè ra alápáálí yẹn. Mo ní ó ti kù díẹ̀. Láàárín "ó kù díẹ̀" yẹn, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Mo dúró níwájú wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n ń béèrè ta ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n na irin tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì sí mi, wọ́n ní, "Ìwọ máa ṣe é." Mo rí gbogbo rẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i, nítorí ẹ̀rù ń bà mí.

Ìgbà tí èyí tó bá tiwa mu dé, tí dróònù wá lè fò, àbúrò mi ló wakọ̀ gbé wa lọ. A kọjá Kuta, a gúnlẹ̀ sétí odò, a gbé Bàbá sórí àga. Mo de awò náà mọ́ wọn lójú, mo gbé dróònù dìde. Ó ń kùn bí oyin, ó sọdá odò, ó wọ àárín àwọn obì, gbogbo rẹ̀ ń kọjá lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré ọwọ́ mi.

"Bàbá, ṣé ẹ ń rí i?"

"Mo rí i. Mo rí odò. Obì wọ̀nyẹn ti ga o."

Àbúrò mi ń sunkún ayọ̀. Èmi ń wú fùkẹ̀, mo ti ń ro ohun tí màá fi bú u tí a bá délé. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni bátìrì kan ń lò. Mo sọ dróònù kalẹ̀, mo lọ tú awò náà, ìgbà náà ni mo rí wáyà iná rẹ̀ tó ń fì dirodiro. Mi ò so ó rárá. Ìwàǹwára ò jẹ́ kí n rántí.

"Kí ló dé?" Bàbá béèrè.

"Bàbá, iná ò sí nínú awò yìí o."

"Òkùnkùn ni mo rí. Mo rò pé ojú mi ni. Ẹ ti ṣe wàhálà jù, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún yín?"

Mo so wáyà náà, mo fi bátìrì kejì sí i, a tún gbéra. Bàbá ń yí orí díẹ̀díẹ̀.

"Ìmọ́lẹ̀ wà lókè," ni wọ́n wí. "Ìsàlẹ̀ dúdú. Ibo la dé?"

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ojú wọn lè mú. Ká ní inú páálí la ti yọ dróònù wa lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni, wọn ì bá rí ewé. Mo mọ̀, àbúrò mi mọ̀, kò sì sọ ọ́. Ì bá sàn fún mi kó bú mi.

"A ti sọdá odò, Bàbá."

"Yà sọ́tùn-ún. Ìyá yín gbin ọsàn kan síbẹ̀."

Ìjì ti wó ọsàn yẹn láti ọdún méjì sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó lè sọ fún wọn nínú wa. Mo yà sọ́tùn-ún. Koríko ló wà lórí tẹlifíṣọ̀n.

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"Ṣé ó so?"

Àbúrò mi yọjú wò ó láti èjìká mi, ó rí koríko náà, ó sì sọ pé, "Ó so, Bàbá. Ó ti pọ́n."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n má tíì kọjá, kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Mo dá dróònù dúró sókè koríko yẹn títí bátìrì fi fẹ́ tán.