Ọmọbìnrin Tó Kọjá Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Òórùn aró ló máa ń jí wa nílé wa ní Ìtòkú. Kí a tó kírun àárọ̀ tán, ìyá mi aláàdìrẹ á ti padà sídìí ìkòkò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á ti dúdú dé ìgúnpá. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje eré sísá ilé ìwé wa, kò tilẹ̀ gbójú sókè tó fi bá mi sọ̀rọ̀: "Kúdí, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ lẹ jọ ń sáré lónìí. Má dójú tì í láàárín èrò o. Bọ́mọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà."

Àǹtí Sìkírá, ẹ̀gbọ́n mi, ń so okùn bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́, ó fa okùn náà le.

Gbogbo ilé ìwé ló mọ̀ pé mo yára jù ú lọ. Òkè tí mo ń ru aṣọ tútù gùn lójoojúmọ́ ti sọ ẹsẹ̀ mi di ọmọ odó. Olùkọ́ sì ti ní ẹni tó bá gbégbá orókè ni yóò lọ sáré fún ìpínlẹ̀ wa n'Ílọrin. Mi ò tíì fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Bí wọ́n ṣe fọn fèrè, mo fi gbogbo wọn sẹ́yìn. Ó kù díẹ̀ kí n já okùn ni mo rí ìyá mi láàárín èrò, tó fi ọwọ́ dúdú yẹn bo ẹnu. Mo dẹ ẹsẹ̀. Àǹtí kọjá, wọ́n gbé e sókè. Nígbà tá a délé, ìyá mi fi ẹran kún ẹran mi, ó ní, "Ọmọ gidi ni ẹ́."

Àǹtí lọ Ìlọrin, ó dé, ó ní oòrùn ibẹ̀ ti pọ̀ jù, kò sì sáré mọ́. Olùkọ́ ní èmi ò lọ́kàn, kò yàn mí mọ́. Títí dòní, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ eré nílé wa, Àǹtí á ní, "Èmi náà sá a nígbà kan."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin gbé ìwé ìtàn kan wálé, ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń sáré ìdíje. Kì í kí èèyàn, kì í dúpẹ́, ẹni tó bá sì fìdí rẹmi, yẹ̀yẹ́ ló ń fi í ṣe. Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ọmọ yìí ò níwà, mi ò lè kà á tán." Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń kà, mo ń pòṣé, títí mo fi dé ibi tó ti kọjá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí pápá, tí kò wẹ̀yìn, tó tún ń rẹ́rìn-ín. Mo pa ìwé dé. Inú bí mi sí ọmọ inú ìwé náà, inú sì bí mi sí ìyá mi tó ti kú, tí mi ò lè bá jà mọ́.

Ọmọ mi ní, "Ṣé ẹ̀yin náà kórìíra ẹ̀ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò lè sọ fún un pé nítorí pé ó kọjá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ilé wọn ò sì wó, ni.

Kúdí ìgbà yẹn lè sáré. Èmi tí mo dàgbà yìí, níbi iṣẹ́, nínú ẹbí, ẹsẹ̀ ni mo ṣì ń dẹ̀ fún ẹni tó bá jù mí lọ. Aṣọ tí mi ò gbọ́dọ̀ ní tó ti àgbà, mi ò ní in. Àkísà ọ̀hún ló kún ilé mi.