Iyọ̀ Tí Mo Dà Yí Ilé Ká

Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iyọ̀ fojú mi rí. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Èmi ò mọ̀wé.

Ọdún tí ìjì ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìdó-Ilé ni, tí a ń jọ́sìn lábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá àwọn ọmọ mi ti kú, gbogbo wọn ti lọ sí Èkó àti Àbújá. Ó ku èmi, rédíò, àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn yí ilé ká.

Ẹ má fojú di tẹ̀tẹ̀ yẹn o! Òun ló ń mú èèyàn wọlé tọ̀ mí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Dúpẹ́, aládùúgbò mi, á ké láti ìta: "Màmá, ẹ kú ulé o! Mo tún ti wá jalè!" Á já tirẹ̀, á jókòó, a ó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lọ́jọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, mo rí ejò lẹ́nu ọ̀nà. Mo pe ọmọ mi obìnrin lórí fóònù. Ó ní kí n da iyọ̀ yí ilé ká, pé ejò kì í kọjá iyọ̀. Ṣé kì í ṣe bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn? Mo da iyọ̀ o! Bí mo bá bomi rin ẹ̀fọ́ tí iyọ̀ yọ́, màá tún da òmíràn.

Kò pẹ́, etí ewé tẹ̀tẹ̀ ń gbẹ bí ohun tí iná jó. Mo rò pé oòrùn ni. Gbogbo rẹ̀ kú. Mo gbin òmíràn, kò tilẹ̀ hù.

Ìyá Dúpẹ́ wò ó, ó ní ó mà ṣe o, ó lọ. Kò wá mọ́. Kí ni kó wá já? Mo máa ń gbé àga síta ní ìrọ̀lẹ́, kí n máa wo ọ̀nà. Rédíò á máa sọ̀rọ̀, èmi náà á máa dá a lóhùn!

Ìgbà tó yá, mo rí ohun funfun kan tó bo ilẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Mo fi ìka kàn án, mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀!

Mo lọ bá Ìyá Dúpẹ́ nílé rẹ̀, mo sọ fún un. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. "Màmá, ẹ ti fi iyọ̀ sí ilẹ̀, ó ku ata àti epo!" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín ara mi.

Òun ló bá mi ha erùpẹ̀ òkè kúrò. A la ojú àgbàrá kí òjò lè fọ iyọ̀ lọ, a sì gbin díẹ̀ sínú àpò ìrẹsì tí a rọ erùpẹ̀ oko kún. Nígbà tí òjò rọ̀ dáadáa, tẹ̀tẹ̀ padà hù lára ilé. Ìyá Dúpẹ́ sì padà sídìí olè jíjà rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń da iyọ̀ nítorí ejò, ẹ kúkú máa ro àyíká yín. Tí iyọ̀ bá ti ba ilẹ̀ tiyín náà jẹ́ rí, ẹ kọ bí ẹ ṣe tún un ṣe síbí. Ọmọ-ọmọ mi á kà á fún mi.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi wálé ní Kérésì ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n bi mí bóyá ejò yẹn tún padà wá. Mo ní rárá, ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Mo ní, "Òun tilẹ̀ yà kí mi lọ́dún yẹn. Ẹ̀yin dà?"