Iṣan Rọ́bà Tí Sẹ̀kínát Rán Aṣọ Fún

Ó ti lé ní ogún ọdún tí Sẹ̀kínát ti ń ránṣọ ní Ayétòrò, kò sì sí aṣọ tó dé iwájú rẹ̀ tí kò mọ ibi tí yóò ti gé e. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2019 tí ìjọba ti bodè pa, léèsì tó ń ti Kútọnu wọlé dáwọ́ dúró, oníbàárà náà sì dáwọ́ dúró. Ó wá di pé kó máa jókòó ti maṣíìnì látàárọ̀, kó máa nu ohun tí kò dọ̀tí.

Ibẹ̀ ni Ọmọ́délé bá a. Ẹnjiníà ni, ó ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ kan ní Ìlaró. Ó gbé rọ́bà funfun kan kalẹ̀ tó gùn tó ìka àárín, tó rọ̀ bí ọ̀ọ̀lẹ̀. Ó fi páǹpù kékeré fẹ́ atẹ́gùn sí i, rọ́bà náà sì ká kò bí ìka ẹni tó ń peni.

Sẹ̀kínát fà sẹ́yìn. "Kí lèyí?"

"Iṣan ni, Màmá. Atẹ́gùn ló ń mú un ṣiṣẹ́."

"Iṣan ta ni?"

"Ẹ̀rọ la fẹ́ fi í sí lára." Ó fa òwú kan yọ tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń dán bíi fàdákà. "Iná máa ń gba inú òwú yìí kọjá. Ẹ bá mi rán an mọ́ aṣọ tó ń nà, ká fi aṣọ náà wọ rọ́bà. Tí rọ́bà bá tẹ̀, òwú á nà, kọ̀ǹpútà á sì mọ bó ṣe tẹ̀ tó."

"Ṣé rọ́bà ò mọ̀ fúnra rẹ̀ ni?"

"Ẹ dijú, kí ẹ ká ìka kan kò. Ẹ mọ̀ pé ó ti ká láì wò ó, àbí? Rọ́bà ò mọ̀."

Sẹ̀kínát dijú, ó ká ìka kò. Lóòótọ́, ó mọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe mọ̀ ọ́n gan-an, kò lè sọ, ọ̀rọ̀ náà sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba iṣẹ́ tí kò yé e.

Èyí tó kọ́kọ́ rán, ó rán òwú náà gbọọrọ. Bí Ọmọ́délé ṣe fẹ́ atẹ́gùn sí i, òwú já. Òwú tó ṣẹ́ kù kò pọ̀, ẹni tó ń bá wọn rà á wá láti Kútọnu kò sì rọ́nà kọjá. Sẹ̀kínát ro ìdí ṣòkòtò tó ní rọ́bà: kò sẹ́ni tó ń rán an gbọọrọ. Ó rán èkejì ní wọ́gọwọ̀gọ, kó lè ráyè nà. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi wọ rọ́bà tí Ọmọ́délé fi sílẹ̀, ó gbé e wọkọ̀, ó di Ìlaró.

Nítòsí Joga, àwọn aṣọ́bodè tó ń wá ìrẹsì tí wọ́n fà wọlé dá ọkọ̀ dúró. Ọ̀kan tú báàgì Sẹ̀kínát, ó rí rọ́bà, ó rí òwú tó ń dán bíi wáyà, ó ní kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Iṣan ni, sà. Ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bó ṣe tẹ̀ tó."

Bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara rẹ̀, ó mọ̀ pé òun náà ò ní gbà á gbọ́. Ọkùnrin náà gbé ìṣísẹ̀ méjì sẹ́yìn. Àwọn èrò ọkọ̀ ń wò ó bí ẹni tí wọn ò bá wọkọ̀ pọ̀ rí. Ó pe Ọmọ́délé, fóònù kò lọ. Nígbà tí kò mọ ohun tí yóò ṣe mọ́, ó fẹnu sí ihò rọ́bà, ó fẹ́ ẹ. Rọ́bà ká. Ó yọ ẹnu, rọ́bà nà.

"Ẹ tún fẹ́ ẹ," ni ọkùnrin náà wí. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ wá wò ó. "Ṣé ó máa ń jẹun?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Wọ́n ní kí ọkọ̀ máa lọ. Bóyá wọ́n gbà á gbọ́ ni o, bóyá ó sú wọn ni o, Sẹ̀kínát ò mọ̀.

Ní Ìlaró, òwú kò já. Bí rọ́bà ṣe ń tẹ̀, nọ́ńbà ojú kọ̀ǹpútà gòkè dé àádọ́rùn-ún. Àmọ́ nígbà tí rọ́bà nà tán, kò padà sí òdo. Ọgbọ̀n ló dúró sí.

"Èwo ló ń parọ́, rọ́bà ni àbí kọ̀ǹpútà?" ni Sẹ̀kínát bi í.

Ọmọ́délé fẹ́ ẹ léraléra: ọgbọ̀n di méjìlélógún, ó di mọ́kàndínlógún. Ibẹ̀ ni ohun kan ti wá yé Sẹ̀kínát fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Aṣọ ni. Aṣọ tó ń nà, tó bá ṣì tuntun, kì í padà sáyè rẹ̀. Ẹ bá mi wá omi."

Ó tú gbogbo ojú rírán náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó fọ aṣọ, ó fà á títí apá fi ń ro ó, ó sá a, ó tún un rán. Nírọ̀lẹ́, nọ́ńbà padà dé ẹ̀ta.

Ọmọ́délé dì mọ́ ọn. "Ó ti bọ́ sí i, Màmá."

"Ẹ̀ta kì í ṣe òdo, Ẹnjiníà."

"Ó tó."

Bí òun bá fi íǹṣì mẹ́ta ṣìnà nínú bùbá, oníbàárà á dá a padà. Kò mọ irú ayọ̀ tí ọkùnrin yìí ń yọ̀. Ó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi iṣan náà ṣe.

"A máa so mẹ́rin pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ, kó lè máa ká tòmátì láì tẹ̀ ẹ́ fọ́."

Sẹ̀kínát wò ó. Ó rántí iye ọwọ́ tó ń ká tòmátì láti Ayétòrò dé Ìmẹ̀kọ, tí kò tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ó fẹ́ béèrè ohun tí àwọn ọwọ́ náà yóò wá máa ṣe, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó kàn ní òun á rán mẹ́ta yòókù.

Ó rán wọn, wọ́n sì ṣiṣẹ́. Tí aládùúgbò bá bi í pé kí ló ń rán nígbà tí kò sí léèsì, á ní aṣọ iṣan ni. Tí wọ́n bá tún bi í pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, á tẹ maṣíìnì rẹ̀ lọ.