Ẹ̀jẹ̀ Tí Ọkọ Mi Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Fà

Mo ṣì rántí ike funfun onídèérí tí mo rà lójú ọ̀nà Ado lápá Lekki, bí mo ṣe ń ṣí i tí mo ń dé e níwájú ẹni tó ń tà á, kí n lè mọ̀ pé kò ní jò. Obìnrin náà bi mí bóyá ọbẹ̀ ni mo fẹ́ rọ sí i, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Oyún ni mo rà á fún. Dókítà ló ní bí èyí tó wà nínú mi nígbà náà bá tún bàjẹ́ bí àwọn tó ṣáájú, kí n má ṣe dà á nù, kí n gbé ohun tó bá jáde wá, kí àwọn lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Jakande ní Ilasan ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, nínú ilé ìjọba tí ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé aládùúgbò ń gbọ́ ẹkún ẹni. Bayọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Èmi ni mò ń yàwòrán sójú pátákó pé ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá, ni ọmọ fi ń di ọmọ. Bí mo bá délé, èmi kan náà ni mò ń kúnlẹ̀ bẹ ìyá ọkọ mi pé kí wọ́n má bínú, oyún tún ti bọ́. Ẹ wo ọ̀mọ̀wé.

Kò sí ẹni tó bá mi ṣọ̀fọ̀ ọ̀kankan nínú wọn. "Omi ló dànù, agbè kò fọ́," ni wọ́n ń wí, wọ́n á sì béèrè bóyá oúnjẹ wà nílé. Ìtùnú ni àwọn àgbà pa òwe yẹn fún. Ní ilé ọkọ mi, ohun tí wọ́n ń fi sọ ni pé kí n pa ẹnu mọ́, kí n lọ pọn omi mìíràn.

Dókítà náà, obìnrin kúkurú kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní kí n jókòó, kí n sọ ti àwọn oyún náà fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sunkún débi pé ó dìde lọ ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó yẹ̀ mí wò, ilé ọmọ, ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, kò rí nǹkan kan. Ó ní ó ku nǹkan méjì: ohun tó bá jáde bí òmíràn bá bọ́, àti ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi.

Mo dúró kí ọkọ mi jẹun yó kí n tó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Èmi? Ṣé mi ò fún ọ lóyún ni? Ẹni tí àpò rẹ̀ lu ni kó lọ rán an."

Ìyá rẹ̀ ní, "Ìyàwó, ọkọ rẹ ti gbìn. Ilẹ̀ ni kí o bá wí."

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ni oyún náà bọ́. Mo gbé e sínú ike bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe, mo dé e, mo gbé e sórí àga nítòsí ilẹ̀kùn, mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ kí n lè múra. Nígbà tí mo jáde, ìyá ọkọ mi ti lọ, ike ti lọ. Ó ti wọkọ̀ lọ sí Eleko, ìlú wọn, ó sin ín sẹ́yìn ilé nínú ilẹ̀ tútù, lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ohun tó bá bọ́ lára ìyàwó ilé wọn, ilẹ̀ ilé wọn ni wọ́n ń dá a padà sí, kí inú obìnrin lè tutù gba òmíràn. Wọn kì í gbé e fún àlejò tí yóò fi ọ̀bẹ kàn án. Ọkọ mi ló sìn ín dé ibùdókọ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ padà dé, ó ti fọ ike náà mọ́ tónítóní, ó sì kó ẹja yíyan sínú rẹ̀ fún mi.

N kò lóyún mọ́. Ọkọ mi fẹ́ ẹlòmíràn, ìyẹn bí ọmọkùnrin kan, ọmọ náà sì di ẹ̀rí tí wọ́n fi dá mi lẹ́bi. Mo kó ẹrù mi lọ sí Ado, ibẹ̀ ni mo wà títí dòní. Ìyá ọkọ mi ti kú. Wọ́n ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú ní búburú. Mo ti gbọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó tí ọmọkùnrin yẹn dàgbà fẹ́ wá kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi tòun ti ọsàn nínú báàgì. Oyún tirẹ̀ náà ń bọ́, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, àwọn ará ilé ọkọ sì ti sọ fún un pé ọwọ́ èmi ìyáálé ló wà.

"Mọ́mì, wọ́n ní kí n wá bẹ̀ yín. Ẹ dákun, ẹ tú mi sílẹ̀."

Mo ní kó dìde. Mo bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ti ṣe àyẹ̀wò. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní ṣebí ara òun ni oyún ti ń bàjẹ́?

"Lọ mú un wá," ni mo wí. "Kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má padà wá síbí."

Èmi ni mo bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Lekki. Nígbà tí èsì dé, kò sí nǹkan kan lára obìnrin náà. Ara ọkọ rẹ̀ ló wà: nínú àwọn fọ́nrán kéékèèké tí ń gbé ìrísí òbí fún ọmọ, méjì ti fi apá kan lára wọn ṣe pàṣípààrọ̀. Kò pa á lára, kò sì ní kó má bímọ rárá, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tó ń fún ọmọ kì í pé, irú oyún bẹ́ẹ̀ kì í sì í dúró. Dókítà ibẹ̀ ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó jogún rẹ̀. Ìyá rẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò, kò sí lára tirẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀, ọkọ mi àtijọ́. Bàbá ní òun ti dàgbà kọjá abẹ́rẹ́.

Mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ ìdajì bàbá, ìdajì ìyá yẹn pẹ́. N kò nílò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Àwọn tọkọtaya náà ń gba ìtọ́jú báyìí. Mo ń gbàdúrà fún wọn, mo sì ń jowú wọn, lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èsì náà ni n kò lè gbàgbé. Ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin náà ni. Wọ́n pè é, ó wọlé. Mo yọ awò ojú mi kí n nù ún. Kí n tó gbé e padà sójú, ó ti jáde, ó fi òwú tẹ apá, ó ń bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ni wọ́n máa jẹ. Mo bi í bóyá ó ti tán.

"Ó ti tán, Mọ́mì," ni ó wí. "Kò tiẹ̀ dùn mí."