Ọmọ Ológoṣẹ́ Nínú Kóòtù Àna

Alágbàfọ̀ àdúgbò yìí, ẹni tó ń lọ aṣọ gbogbo ayé tí tirẹ̀ sì ń rún bí ewé gbígbẹ, kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni bí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Ọ̀gá ọ́fíìsì ni, kì í rẹ́rìn-ín. Ó gbé kóòtù dúdú kan wá fọ̀, kò wá gbà á. Alágbàfọ̀ fi kọ́ okùn ẹ̀yìnkùlé kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Àfi bí àna ṣe ránṣẹ́ pé ọ̀la lòun ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, kóòtù yẹn lòun máa wọ̀.

Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù kaná, ó sáré lọ mú kóòtù. Bó ṣe fọwọ́ kàn án báyìí, àpò rẹ̀ pariwo mọ́ ọn. Ó yọjú wò ó: koríko, òwú, àti ẹnu pupa kéékèèké tó là sílẹ̀ gbàgà.

"Yéè! Mo gbé!"

Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Kí n sọ fún Bọ̀ọ̀dá pé ayálégbé ti kó sápò wọn? Ẹ kó wọn kúrò níbẹ̀ jàre."

"Kí n kó wọn lọ síbo? Wọn ò tíì hu ìyẹ́!" Ó na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ kọ̀. Ó lọ yọ áyọ́ọ̀nù kúrò níná.

Àna dé nírọ̀lẹ́. "Ọkọ àbúrò mi, kóòtù mi dà?"

"Ó wà, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́... àwọn kan ti wà nínú rẹ̀."

Ó mú un dé ẹ̀yìnkùlé. Ìyá ológoṣẹ́ fò dé pẹ̀lú kòkòrò lẹ́nu, ó wo ọ̀gá bí ẹni tó wọlé láìkanlẹ̀kùn, ó sì kó wọnú àpò. Ọ̀gá ká ṣòkòtò sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó títí. Alágbàfọ̀ ti ń múra sílẹ̀ de èébú.

"Mélòó ni wọ́n?" Ohùn ọ̀gá kò ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún lọ.

"Mẹ́rin, sà."

"Má jẹ̀ẹ́ kí ológbò débí o."

Ṣẹ́ẹ̀tì lásán ló wọ̀ lọ síbi ìfẹ̀yìntì. Nígbà tílẹ̀ mọ́ tí kò síbi tó ń lọ mọ́, ẹ̀yìnkùlé àbúrò rẹ̀ ló gbà lọ. Ó dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, ó jókòó lé e. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe láràárọ̀. Bí àbúrò rẹ̀ bá gbọn aṣọ, ọ̀gá á ní, "Rọra! Àwọn ọmọ ń jẹun!"

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ti di ìyá ẹyẹ ni?"

Ẹ gbọ́ o: ọ̀gá rẹ́rìn-ín!

Nígbà tí àwọn ọmọ fò lọ, Alágbàfọ̀ fọ kóòtù, ó lọ̀ ọ́ títí ó fi dán, ó gbé e fún un. Ọ̀gá gbà á, ó fi kọ́ apá, kò dìde. Ó wo okùn, ó wo ọpọ́n aṣọ tútù tó wà nílẹ̀.

"Ọkọ àbúrò mi, gbé díẹ̀ wá níbẹ̀ yẹn, kí n bá ẹ sá a."