"Ó Ń Sùn," Ni Màmá Wí Lórí Fóònù

Ẹ fún mi láyè díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mi ò tíì lè sọ fún ẹnikẹ́ni tán. Bóyá bí mo bá kọ ọ́, ara á fúyẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé láti ìgbà tí Ìyá Tinú ti kú ni ọmọ wa ti ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Akotogbo. Èmi wà ní Ìlútítun, níbi tí mo ti ń dí àyè fún tíṣà ìṣirò kan tó lọ bímọ. Bí a bá ti jáde lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀kadà ni, ó di ọ̀dọ̀ Tinú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọ̀kadà ni padà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní Uncle Sípíà, bíi táyà tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn mọ́tò. Wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Kò burú. Sípíà náà ṣáà ń yí.

Lọ́jọ́rú, mo ń kọ iṣẹ́ sójú pátákó nígbà tí fóònù mi dún. Màmá ni, ìyá ìyàwó mi. Màmá kì í pè mí lásìkò iṣẹ́. Ó kí mi, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè bóyá òjò rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìkálẹ̀ ló ń sọ. Mo ń yí i sí Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ní:

"Bàbá Tinú, ẹ máa bọ̀ nílé. Kò sí nǹkan o. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Mo ní Tinú ńkọ́?

"Ó wà. Ó ń sùn."

Ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ọmọ ọdún méje, lọ́jọ́ ilé-ìwé, oòrùn ti mú, ó ń sùn? Mo ní kí wọ́n jí i kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Màmá ní rárá, kí n jẹ́ kó sinmi. Fóònù já. Mo pè é títí, kò wọlé.

Ta ni kò mọ ìtumọ̀ "ẹ máa bọ̀, kò sí nǹkan" láàárín wa? A kì í sọ ikú fún ènìyàn lórí fóònù. Bí wọ́n ṣe pè mí nígbà tí ìyàwó mi lọ nìyẹn. Ohùn Màmá kan náà ni. Kò sí nǹkan. Ó ń sinmi. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti fi aṣọ funfun bò ó.

Ọmọ kan ní iwájú béèrè bóyá kí wọ́n máa kọ ọ́ lọ. Mo ní kí wọ́n máa kọ ọ́. Mi ò mọ ohun tó wà lójú pátákó mọ́.

Mo lọ sọ fún igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé pé wọ́n pè mí nílé, wọ́n ní kò sí nǹkan. Obìnrin tó máa ń bi ènìyàn ní ìbéèrè títí yóò fi sú u! Ó wo ojú mi, ó ní kí n máa lọ, Ọlọ́run á wà pẹ̀lú mi. Kí ló dé tí kò bi mí ní nǹkan kan?

Ọlọ́kadà tó gbé mi jẹ́ alápàárá. Ó ní kí n di òun mú dáadáa, pé òun kò fẹ́ gbé tíṣà ní odidi kó jẹ́ ààbọ̀ rẹ̀ ló máa délé. Nígbà tí a kọjá Ìrèlè ló bi mí bóyá ìnáwó ni mò ń lọ. Mo ní rárá, wọ́n kàn ní kí n máa bọ̀ ni, pé kò sí nǹkan. Kò tún dápàárá mọ́. Ó dín eré kù, ó sì ń yẹra fún gbogbo kòtò bí ẹni tó gbé aláìsàn. Òun náà ti mọ̀.

Ní Àjàgbà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé. Mo di fóònù náà mú. Mi ò pè. Bí mi ò bá tíì gbọ́, ọmọ mi ṣì wà láàyè.

Nígbà tí a dé Akotogbo, àwọn obìnrin ìjọ Màmá wà lágbàlá. Sùtánà funfun ló wà lọ́rùn wọn, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń kọrin jẹ́jẹ́. Bí wọ́n ṣe jókòó lọ́jọ́ ti ìyàwó mi nìyẹn gẹ́lẹ́. Ọ̀kan nínú wọn rí mi, ó ní Bàbá Tinú ti dé. Orin náà dá.

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Màmá jáde, ó ní kí n wọlé.

"Màmá, mi ò wọlé. Ẹ sọ ọ́ fún mi níbí. Ṣé ọmọ mi wà láàyè?"

Ó wò mí. Mo rí ìgbà tí ohun tí mo rò yé e. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà.

"Ó wà láàyè. Epo gbígbóná ló ta sí i lẹ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti tọ́jú rẹ̀, oògùn tó lò ló ń mú un sùn. Àdúrà ni àwọn ará ìjọ wá gbà fún un. Bàbá Tinú, ó wà láàyè."

Tinú ti yà ní ẹbu, níbi tí Màmá ti ń se epo pupa, kó tó lọ sílé-ìwé, ló bá fẹsẹ̀ kọ igi ìdáná, epo sì dà sí i lẹ́sẹ̀. Mo bá a lórí ẹní, wọ́n fi báńdéèjì wé ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sí ihò imú rẹ̀. Mi ò gbé e kúrò títí apá fi ń ro mí.

Nígbà tó jí, ó wò mí pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. Ó ní: "Dádì, ṣé òní ni Fúráídè?"

Lẹ́yìn náà ni mo bi Màmá ìdí tí kò fi sọ fún mi. Ó ní bí òun bá sọ pé epo jó ọmọ, màá ní kí ọlọ́kadà máa fò, ọ̀nà wa kò sì dára. Òun kò fẹ́ tún pàdánù ẹlòmíràn. Ó wá ní:

"Ẹnu mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe ènìyàn wálé lọ́nà mìíràn mọ́."

Ìyàwó tí mo sin, òun ló bí i.

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Mo mọ̀ pé àánú ló ń mú wa fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ pe ẹnikẹ́ni wálé, tí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn bá wà láàyè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó béèrè òjò. Ẹ gbé fóònù sún mọ́ ọmọ náà. Kódà kó jẹ́ pé ó ń hanrun, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe pe ẹ̀yin wálé rí, kí ni ẹ sì bá níbẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ojú mi ṣì là, màá ka ti ẹnì kọ̀ọ̀kan yín.